Wèrè Ìdílé: Ẹnu Kan, Ọ̀rọ̀ Méjì

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ wo ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, láti Ìlódè dé Mọ̀ọ̀rẹ̀, láti Ṣábó títí wọ Modákẹ́kẹ́. Bí ọmọkùnrin kan bá rí ọmọbìnrin tí ó wù ú, tí ó sì fẹ́ gba ọ̀nà sùnnà fẹ́ ẹ, àwọn àgbà ilé a rán ènìyàn lọ ṣe ìwádìí. Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ náà ń kírun. Wọn kì í béèrè ìwà rẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n máa ń dì fún alárinà: ǹjẹ́ ẹ̀tẹ̀ wà ní ìdílé yẹn? Ǹjẹ́ wárápá wà níbẹ̀? Ǹjẹ́ wèrè wà níbẹ̀? Bí aládùúgbò kan bá ti lè sọ pé àbúrò bàbá ọmọ náà ṣe wèrè rí ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ọmọbìnrin tí ó mọ Àlùkùránì kà, tí ó gba oyè ní yunifásítì, tí orí kò fọ́ rí débi pé ọpọlọ rẹ̀ yóò dàrú, di ẹni tí wọ́n ń sá fún bí ẹni ń sá fún iná.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ẹ jẹ́ kí àìsàn kan náà wọ ilé àwọn tí ó rán alárinà níṣẹ́. Ọmọ tiwọn, ẹni ogún ọdún, wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Kò sùn lóru mọ́, ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ó ní àwọn kan ń ka ohun tí ó wà lọ́kàn òun. Ní ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò dárúkọ ìdílé mọ́. Wọ́n á ní wọ́n ṣe é ni. Wọ́n á ní ìyàwó bàbá rẹ̀ ni, ayé kò fẹ́ kí ó kàwé jáde. Àfáà kan á ní àlùjànnú ni, yóò sì bu iye tí wọn yóò san.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ ẹlòmíràn, inú ẹ̀jẹ̀ ni wèrè wà. Ní ọjọ́ àìsàn ọmọ ẹni, ọwọ́ ọ̀tá ni ó ti wá. Ẹnu kan náà ni ó sọ méjèèjì, ojú kò sì tì í. Kò sì sí èyí tí wọ́n fi ìmọ̀ sọ nínú méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ ń fi ìyà jẹ ẹni tí kò ṣẹ̀, ti ìkejì ń fa aláìsàn kúrò ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ó lè wò ó.

Ẹni tí ó bá ń pe ara rẹ̀ ní Mùsùlùmí, kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àjogúnbá kò ṣàjèjì nínú ẹ̀sìn rẹ̀. Hádíìsì kan wà nínú àkójọ Bukhārī àti ti Muslim, láti ẹnu Abū Hurayrah. Lárúbáwá oko kan wá bá Ànábì pẹ̀lú ìbànújẹ́, nítorí pé ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ dúdú, àwọ̀ ọmọ náà kò sì jọ tirẹ̀. Ànábì kò fi ẹ̀sùn kan obìnrin náà. Ó bi ọkùnrin náà bóyá ó ní ràkúnmí. Ó ní òun ní. Ó bi í nípa àwọ̀ wọn. Ó ní pupa ni wọ́n. Ó bi í bóyá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú wà láàrin wọn. Ó ní ó wà. Níbo ni ìyẹn ti mú àwọ̀ rẹ̀ wá? Ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ iṣan ìran ìṣáájú ni ó fà á. Ànábì sì jẹ́ kí ó yé e pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọmọ tirẹ̀ náà lè rí. Ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ ìran ni Ànábì fi dáàbò bo iyì obìnrin kan àti ti ọmọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìran kan náà ni àwọn ènìyàn òde òní fi ń ba ọmọ olọ́mọ lórúkọ jẹ́.

Àwọn kan yóò fi ìwé jà. Wọn yóò ní Risālah ti Ibn Abī Zayd al-Qayrawānī, tí àwọn ilé-kéú ilẹ̀ Yorùbá ti ń kà láti ayébáyé, ka wèrè mọ́ àbùkù tí ọkọ fi lè dá ìyàwó padà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wèrè ta ni? Ti ìyàwó fúnra rẹ̀ ni. Kò ka ti àbúrò bàbá rẹ̀ mọ́ ọn, kò ka ti ìyá àgbà rẹ̀. Ẹni tí àìsàn ń ṣe, ó pọn dandan kí ó sọ fún ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ, nítorí ẹ̀tàn ni bí ó bá fi pamọ́. Ẹni tí kò ṣàìsàn rí, ta ni ó fún alárinà láṣẹ láti máa hú ibojì àwọn bàbá rẹ̀ wò?

Kí ni àwọn tí wọ́n fi ọdún gbọọrọ wádìí ọpọlọ wá rí? Àìsàn tí ó máa ń mú kí ènìyàn gbọ́ ohùn tí kò sí, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní schizophrenia, wà lára èyí tí wọ́n yẹ̀ wò jù lọ. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ó sún mọ́ ẹnì kan tí ó máa ń bá jà. Bí bàbá tàbí ìyá bá ní i, nínú ọgọ́rùn-ún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, bíi mẹ́wàá ni yóò ní i. Nǹkan bí àádọ́rùn-ún yóò bọ́. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí àìsàn náà sì ń ṣe ni bàbá wọn kò ní i, ìyá wọn kò ní i. Àwọn ìbejì ni wọ́n fi mọ púpọ̀ nínú èyí, ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tètè yé àwọn ọmọ Yorùbá, tí Táíwò àti Kẹ́hìndé pọ̀ láàrin wọn ju ti ibi gbogbo lọ. Àwọn ìbejì kan wà tí ó jẹ́ pé ẹyin kan ṣoṣo ni ó pín sí méjì, tí ohun tí wọ́n jogún kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra rárá. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ní àìsàn yìí, ó tó ìdajì ìgbà, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí èkejì kò ní ní i. Ẹ̀jẹ̀ kan, oyún kan, ilé kan, síbẹ̀ ọ̀kan ṣàìsàn, ọ̀kan kò ṣe é. Ìran ní ọwọ́ ńlá nínú rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni.

Jẹ́nótáìpù ni ó ń ṣi àwọn ọ̀dọ́ lọ́nà. Wọ́n mọ̀ pé bí AS bá fẹ́ AS, ní oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS. Jíìnì kan ṣoṣo ni ó ń fa ìyẹn, ìṣirò rẹ̀ sì rọrùn. Wọ́n wá rò pé ti wèrè náà rí bẹ́ẹ̀, pé àyẹ̀wò kan wà tí yóò sọ ilé tí ó mọ́ àti ilé tí kò mọ́. Kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2022, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí wọ́n parapọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tẹ iṣẹ́ ńlá kan jáde. Wọ́n fi àbùdá aláìsàn 76,755 wé ti ènìyàn 243,649 tí àìsàn náà kò ṣe. Ibi 287 ni wọ́n rí tí ó ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré jọjọ. Kò sí ìdílé kan lórí ilẹ̀ ayé tí kò ní nínú wọn, títí kan ìdílé alárinà. Ta ni yóò wá fẹ́ ta?

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí gbogbo òbí mọ̀. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé iṣẹ́ jíìnì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ C4. Ọpọlọ ọmọdé máa ń ní ìsopọ̀ tí ó pọ̀ ju èyí tí yóò lò lọ. Bí ọmọ bá ń bàlágà, ara a máa gé èyí tí ó pọ̀ jù kúrò díẹ̀díẹ̀, bí àgbẹ̀ ṣe ń gé ẹ̀ka tí kò wúlò kúrò lára igi kòkó kí igi lè so dáadáa. Ẹ̀yà C4 kan wà tí ó jọ pé ó máa ń mú kí gígé náà pọ̀ jù. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà lára ìdí tí àìsàn náà fi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún mẹ́rìndínlógún sí ọgbọ̀n, àkókò tí ọmọ ń ṣe ìdánwò, tí ó ń wọ yunifásítì, tí ó fẹ́ di ènìyàn. Àwọn òbí rí i pé ìgbà tí ọmọ fẹ́ dé ibi gíga gan-an ni ó ṣàìsàn, wọ́n ní ọ̀tá ni ó ń ṣọ́ àkókò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àǹtí tí kò mọwọ́ tí kò mọsẹ̀ ṣe di àjẹ́ ní ọ̀pọ̀ agboolé.

Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun tí a jogún ti di àṣẹ tí kò ṣeé yí. Ìbàdàn ni ẹ̀rí wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, tí ó kú ní ọdún 1995, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn pa pọ̀ pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Indianapolis ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń yẹ àwọn arúgbó Ìdíkàn wò nítorí àrùn ìgbàgbé tí ń jẹ́ Alzheimer. Jíìnì kan wà, APOE, tí ẹ̀yà rẹ̀ kan mú kí àrùn náà pọ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ funfun. Àwọn ará Ìdíkàn ní ẹ̀yà náà. Ṣùgbọ́n nínú àyẹ̀wò àkọ́kọ́, kò hàn pé ó ń fa àrùn fún wọn bí ó ti ń fà á fún àwọn tí ó wà ní òkèèrè. Ìgbà tí iye ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò pọ̀ sí i ni wọ́n tó rí i pé ewu wà fún ẹni tí ó jogún rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá. Ní ọdún 2001, wọ́n tẹ ìṣirò jáde: lọ́dọọdún, nínú ọgọ́rùn-ún arúgbó, 1.15 ni àrùn náà ń mú ní Ìbàdàn. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, 2.52 ni. Ìran kan náà ni wọ́n, ará Afíríkà ni àwọn bàbá wọn. Ilẹ̀, oúnjẹ àti ìgbé ayé ni ó yàtọ̀.

Ibi tí ó yẹ kí ó dun ọ̀dọ́ tí ń kàwé nìyí. Láti ọdún 2002 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ HapMap, àwòrán àbùdá ọmọ ènìyàn tí gbogbo ayé ń lò. Orílẹ̀ Yorùbá wà lára ìran mẹ́rin tí wọ́n fi ṣe é: àádọ́rùn-ún ènìyàn ní Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ láti inú ìdílé ọgbọ̀n, ni ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 2008, ọmọ Yorùbá kan láti inú wọn wà lára àwọn ènìyàn àkọ́kọ́ tí wọ́n ka gbogbo àbùdá rẹ̀ tán ní ayé. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà ní yàrá ìwádìí káríayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti àìsàn, àwọn tí wọ́n ń yẹ̀ wò ni aláwọ̀ funfun. Ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nǹkan bí 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n kó sínú irú ìwádìí yìí ní gbogbo àgbáyé ni ó jẹ́ ìran Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ wọn kò ju 16 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó wà láyé lọ. Ohun tí wọ́n bá fi wọn ẹni tí ewu wà fún ní London tàbí Boston kì í bá ará Ifẹ̀ mu dáadáa.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ náà kò ṣeé ṣe ní Afíríkà. Ní ọdún 2020, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn Xhosa ti South Africa, aláìsàn 909 àti aláìlárùn 917. Iye wọn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yúróòpù, síbẹ̀ wọ́n rí ohun gidi: àbùkù tí kò wọ́pọ̀ nínú àwọn jíìnì tí ń bá ọpọlọ so ọ̀rọ̀ pọ̀. Onírúurú àbùdá pọ̀ ní Afíríkà ju ibikíbi lọ, èyí ni ó jẹ́ kí ìwọ̀nba ènìyàn tó láti fi rí i. Iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n sọ ní NeuroGAP tún gba àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Ethiopia, Kenya, Uganda àti South Africa. Nàìjíríà, orílẹ̀-èdè tí ènìyàn rẹ̀ pọ̀ jù ní Afíríkà, kò sí níbẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń tọ pinpin kádàrá. Ìtàn Khalīfah Umar yẹ kí ó pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Nígbà tí ó gbọ́ pé àjàkálẹ̀ àrùn wà ní Shām, ó yí ẹ̀yìn padà, nígbà tí Abū Ubaydah sì bi í bóyá kádàrá ni ó ń sá fún, ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé inú kádàrá Ọlọ́hun kan náà ni òun ń sá sí. Àwọn mìíràn yóò béèrè bóyá a sẹ́ pé àlùjànnú wà. Kò sí Mùsùlùmí tí ó sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin tí wárápá ń gbé ṣánlẹ̀ tọ Ànábì lọ, kò bi í léèrè ọ̀tá rẹ̀, kò dárúkọ àjẹ́ kankan fún un, kò sì ní kí wọ́n dè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka rúkíyà sí aláìsàn létí, kí ó kà á, kí ó má gba owó ìyá aláìsàn, kí ó sì jẹ́ kí ọmọ náà lo oògùn rẹ̀.

Ìbẹ̀rù kan wà tí ó ní ìdí, kò sì tọ́ kí a fi ẹ̀rín gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́. Jámánì ni wọ́n ti lo ọ̀rọ̀ wèrè ìdílé dé òpin rẹ̀. Dókítà ọpọlọ tí ń jẹ́ Ernst Rüdin wà lára àwọn tí wọ́n ti òfin ọdún 1933 lẹ́yìn, òfin tí ó ní kí wọ́n sọ ẹni tí ó ní àìsàn ìran di ẹni tí kò lè bímọ mọ́. Nǹkan bí ọ̀kẹ́ ogún ènìyàn ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí ó di ọdún 1940 sí 1941, wọ́n fi gáàsì pa ohun tí ó lé ní 70,000 aláìsàn. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìran nígbà náà kò tó èyí tí alárinà mọ̀ lónìí. Ìgboyà láti ṣe ìdájọ́ ni wọ́n ní. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi irú ìmọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹni tí kò bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ilẹ̀ Yorùbá kò tíì pa aláìsàn pẹ̀lú gáàsì. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń lò. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní ibùdó kan ní Òjòó, Ìbàdàn, tí wọ́n pè ní ibùdó ìtọ́jú ní orúkọ Ìsìlàámù, nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí. Ṣáájú ìgbà náà, ní oṣù kẹsàn-án, irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Kàdúná. Ẹgbẹ́ Human Rights Watch bẹ ibùdó 28 wò ní Nàìjíríà. Wọ́n bá ẹ̀wọ̀n ní ti Mùsùlùmí, ní ti Kristẹni, ní ti oníṣègùn ìbílẹ̀, títí dé ti ìjọba. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ti Kristẹni bo ti Mùsùlùmí mọ́lẹ̀, kí ó jókòó. Sūrah an-Nisā' pàṣẹ pé kí a bọ́ ẹni tí làákàyè rẹ̀ kò tó, kí a fi aṣọ bò ó, kí a sì bá a sọ̀rọ̀ rere. Èwo nínú mẹ́ta yìí ni ẹ̀wọ̀n? Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí àwọn ọmọ Yúróòpù ṣì ń de aláìsàn mọ́lẹ̀, Sultan Qalāwūn ti kọ́ ilé ìwòsàn ní Cairo ní ọdún 1284, tí yàrá àwọn aláìsàn ọpọlọ wà nínú rẹ̀. Àwọn tí ó ń fi ìtàn yìí yangàn lórí mínbárì ni ilé ẹ̀wọ̀n wà ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí wọn.

Ọ̀dọ́ kan ni ó kọ́kọ́ tú ẹ̀wọ̀n náà ní ilẹ̀ Yorùbá. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àró ní ọdún 1954. Ó fi àwọn aláìsàn sí ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́, àwọn tí wọ́n ti ń lo ewé àti egbò asofẹ́yẹjẹ fún wèrè kí òyìnbó tó dé. Ní ọdún 1952, òyìnbó yọ oògùn reserpine láti ara igi tí ó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ ní Íńdíà. Bí egbò igi bá lè mú kí orí wèrè balẹ̀, ara ni àìsàn náà wà nígbà náà; kò sí egbò tí àlùjànnú ń bẹ̀rù. Àgbà àwọn onísègùn mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́.

Ta ni yóò wá ṣe èyí tí ó kù? Ọ̀dọ́ Mùsùlùmí tí ó wà ní Ifẹ̀ kò jìnnà sí ohun èlò. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn, ilé ìwòsàn rẹ̀ sì wà nínú ìlú. Ní Ẹdẹ, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan náà, ní yunifásítì tí ìjọ Kristẹni kan dá sílẹ̀, ibùdó ìwádìí ACEGID wà, tí ó ka àbùdá kòkòrò Kòrónà ní oṣù kẹta ọdún 2020 ṣáájú ibikíbi ní Afíríkà. Òfin àtijọ́ tí ìjọba amúnisìn fi lélẹ̀ ní ọdún 1916 ti kúrò. Ààrẹ Buhari ti buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ohun tí ó kù ni ènìyàn, owó àti ìgboyà. Ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí ó lè kọ́ mọ́ṣáláṣí kẹta sí àdúgbò kan náà lè rán ọmọ kan lọ kọ́ ìmọ̀ ọpọlọ àti àbùdá, kí ó sì padà wálé. Ó lè jẹ́ ọmọ tí ó wá láti inú ilé tí wọ́n ń yẹra fún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò mọ bí a ṣe ń bi aláìsàn léèrè ọ̀rọ̀ láì tàbùkù rẹ̀. Orúkọ aláìsàn yóò wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ìbò àṣírí ìdílé jẹ́ ẹ̀tọ́ nínú ẹ̀sìn.

Ní ọdún 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Yorùbá mẹ́ta. Nínú àwọn tí wọ́n bi léèrè, 96.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbà pé ewu ni aláìsàn ọpọlọ, 82.7 ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá a sọ̀rọ̀, 16.9 péré ni ó sì ní àwọn lè ronú fífẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó fi ẹnu wọn sọ ìyẹn ti di òbí lónìí, àwọn ọmọ wọn ti tó fẹ́. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bá ń múra nikāh ní ọdún yìí sọ fún bàbá wọn pé kí ó bi alárinà léèrè ìrun, ìwà, iṣẹ́ ọwọ́, àti ìlera ọmọ náà fúnra rẹ̀. Kí ó fi àbúrò bàbá rẹ̀ sílẹ̀.